Káàdì Wáífáì àti Aago Hẹdimásítà

Èmi kì í bẹ̀rù láptọ́ọ̀pù. Bó bá bú mọ́ mi, mo máa bú mọ́ ọn padà, a ó sì jọ wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ẹdẹ, èmi ni mo ń mójú tó yàrá kọ̀ǹpútà, bí ẹ̀rọ kan bá sì dákú níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó wá ọ̀gá mi. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi pè mí ní Ọjọ́bọ̀ kan pé wáífáì inú láptọ́ọ̀pù wọn ti kú pátápátá, ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ lọ jẹun. Sátidé ni mo máa wá jí i."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Ó yẹ kó dá mi lójú, torí ohun tó wà nílẹ̀ ju wáífáì lọ. Hẹdimásítà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn sìn, nílùú Ara, nílùú Awo, kí wọ́n tó wá parí ẹ̀ nílùú wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ agboolé a máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàbá á gbé pátákó dúdú jáde, wọ́n á máa kọ́ àwọn ọmọ náà ní Yorùbá kíkà láì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn lọ sí lẹ́sìnnì tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Ìyá kan lágboolé tiẹ̀ là á mọ́ Bàbá lójú. Ó ní, "Hẹdimásítà, ẹ má bínú o, Yorùbá tí ọmọ mi ń gbọ́ lẹ́nu mi nílé ti tó o." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé pátákó wọ iyàrá, wọ́n kọjú ẹ̀ sí ògiri. Láti ìgbà náà, orí àga kan ni wọ́n ń wà, wọ́n á máa wo ọ̀nà. Kò sí àìsàn kankan lára wọn, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe bí wọ́n ṣe ń kéré sí i, ó sì ń dùn mí dọ́kàn.

Àfi bí ìyá kan tó ń gbé ní Kánádà ṣe gbọ́ nípa Bàbá lẹ́nu ẹnì kan tí wọ́n ti kọ́ rí. Ìyá yìí ti kó àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sọ́hùn-ún jọ, ó ń wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn lédè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí Bàbá wá kọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ná, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun á jókòó tì wọ́n, òun á wò ó bóyá á ṣeé ṣe. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀: olùkọ́ kan wà n'Íbàdàn tí òun máa pè lọ́jọ́ náà gan-an bí ti Bàbá kò bá bọ́ sí i, torí àwọn òbí ò jẹ́ kóun gbádùn mọ́. Bàbá gbà. Wọ́n ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pè mí láti bi mí bóyá Sátidé kò ní yẹ̀. Ìgbà yẹn ni wáífáì wá kú.

Èmi ni mo gbé Linux, ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ, sínú láptọ́ọ̀pù náà. Èyí tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó gbogbo àrùn inú fílàṣì àwọn oníkọ̀ǹpútà etí títì. Bí Bàbá bá tàn án, wọ́n lè lọ wẹ̀ kí wọ́n tó padà wá bá a níbi tó ṣì ń mí hẹlẹ. Mo nu gbogbo ẹ̀ dànù, mo fi Linux sí i, ó wá ń sáré. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn ló ń yọ ṣùtì sí mi látọjọ́ náà pé ohun tí ẹnikẹ́ni kì í lò ládùúgbò ni mo lọ gbé fún arúgbó. Bó ṣe gbọ́ pé wáífáì kú, kíá ló pè mí. "Ṣẹ́ ẹ rí i? Mo sọ fún yín!" Mo ní kó panu mọ́ jàre, pé òjò tó gba ojú fèrèsé wọlé ló pa káàdì inú ẹ̀rọ, òjò kì í sì í bèèrè bóyá Linux ni ẹ̀rọ ń lò. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mo sì ti pinnu pé mi ò ní jẹ́ kó rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Jímọ̀, mo ra káàdì wáífáì kékeré kan l'Óṣogbo. Kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ihò fílàṣì ni wọ́n ń kì í bọ̀. Wàhálà irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni pé Linux kì í sábà mọ̀ ọ́n. Kí ẹ̀rọ tó lè bá a sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ láàárín wọn, òun là ń pè ní dráífà. Àwọn kan ti kọ dráífà náà síta ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà, ṣùgbọ́n ìwọ tó o fẹ́ lò ó ni wàá gbé e fún ẹ̀rọ tìẹ kó lọ̀ ọ́ di ohun tó lè jẹ. Kọ́ńpáìlì là ń pe ìyẹn. Bí ìgbà téèyàn gbé àgbàdo lọ ẹ̀rọ ni: àgbàdo ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ìyẹ̀fun tó bá jáde ni dráífà. Mo fa gbogbo àgbàdo náà sórí fílàṣì níbi iṣẹ́, mo sì fa àwọn ohun èlò tí ẹ̀rọ Bàbá máa fi lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, torí mo mọ̀ pé kò ní sí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹlẹ̀ tútù.

Bí mo ṣe bọ́ lórí ọ̀kadà lẹ́nu agboolé wa lọ́jọ́ Sátidé, inú kọ̀tù ni mo bá Bàbá. Nínú ooru yẹn! Wọ́n wọ kọ̀tù sórí bùbá, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì ti yí pátákó dúdú kúrò lójú ògiri, wọ́n ti nù ún tó ń dán. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìmúra, Bàbá. Ṣé gómìnà ló ń bọ̀ ni?"

"O pẹ́. Wo aago."

Mo wo aago ara ògiri, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ aago ilé wa. Láti ìgbà tí Bàbá ti di hẹdimásítà ni wọn kì í ti í jẹ́ kí aago kankan nínú ilé sọ òótọ́. Wọ́n á tì í síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má baà pẹ́. Ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́ rárá, torí gbogbo wa la mọ̀, kálukú ló sì ní iye tó ń yọ kúrò lọ́kàn ara ẹ̀ kó tó gbéra. Àlejò nìkan ló máa ń fò dìde. Àwọn ará agboolé a máa sọ pé bó o bá fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, kó o lọ wo aago Hẹdimásítà.

"Mi ò pẹ́ o, Bàbá. Aago yín ló yá jù."

"Aago tó yá kò pa ẹnikẹ́ni rí. Èyí tó ń falẹ̀ ló ń pani."

Mo kọ́kọ́ ní ká fi fóònù mi ṣe é, kí gbogbo wa sinmi. Bàbá gba fóònù náà, wọ́n nà án jìnnà sójú, wọ́n sún un mọ́ra, wọ́n dá a padà fún mi. "Níbo lojú àwọn ọmọ máa wà nínú èyí? Olùkọ́ tí kò bá rójú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀, ògiri ló ń kọ́." A ò sì lè fi okùn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, torí ẹnu fóònù mi ti bàjẹ́ látọjọ́ tó ti já bọ́: iná ló ń gbà, kò gba ohun mìíràn. Dátà wà nínú ẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan ló lè gbà dé inú láptọ́ọ̀pù, káàdì kékeré yìí nìkan ló sì lè bá wa mú un.

Mo fa àga, mo ki káàdì bọ ihò, mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Èmi tí mo gbé Linux sí i, èmi tí mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan páásíwọ́ọ̀dù, èmi náà ni wọ́n ń sọ fún pé, "Yíjú sẹ́yìn." Mo máa yíjú sẹ́yìn. Wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Wọ́n á wá ní, "Ó yá, o lè wò ó." Ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ tí ǹ bá fi ṣe eré níbi iṣẹ́, ìyíjúsẹ́yìn ló ń sọ ọ́ di iṣẹ́ odidi ọ̀sán.

Ìlọ̀ àkọ́kọ́ kò parí. Ẹ̀rọ fi lẹ́tà pupa bú mọ́ mi pé òun ò mọ orúkọ kan tó wà nínú àgbàdo náà. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Linux tó wà lọ́wọ́ Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹni tó kọ dráífà náà sì ti kọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó pa orúkọ yẹn dà. Mo ṣí i, mo fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́, mo ní kó tún un lọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlà ń sáré gorí ìlà, ó sì parí. Mo pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín!"

Wọ́n wá. Mo ki dráífà náà bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gbà á láìjiyàn, káàdì kò mira. Iná kékeré tó yẹ kó máa ṣẹ́jú lórí ẹ̀ kò tàn. Mo wádìí, mo sì rí ìdí ẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́mbà tó fi ń sọ ẹni tó jẹ́, dráífà náà sì ní àwọn nọ́mbà tó mọ̀ nínú. Ti káàdì wa kò sí níbẹ̀. Gbogbo inú ẹ̀ bá ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mu, nọ́mbà ara ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nǹkan tó rọrùn nìyẹn: kí n fi nọ́mbà náà kún un, kí n tún un lọ̀, ká máa yọ̀.

Ìgbà náà ni ojú mi ṣèèṣì lọ sí igun láptọ́ọ̀pù, mo rí i pé aago mẹ́ta ti lù. Mo yára wo fóònù mi. Aago méjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

"Bàbá! Ẹ ti aago inú kọ̀ǹpútà náà síwájú?"

"Kì í ṣe aago ni?"

"Ó máa ń tún ara ẹ̀ ṣe!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó má tún ara ẹ̀ ṣe mọ́. Mo rí i." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Inú bí mi, ẹ̀rín tún ń pa mí. Mo ní ẹ̀rọ tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ máa purọ́, mo fẹ́ dá aago náà padà. Ó bèèrè páásíwọ́ọ̀dù. Bàbá kọ̀, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo ká ọwọ́ mi gbera, mo ní ó dáa, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kùn wùrùwùrù, mo sì fa aago náà sẹ́yìn, mo mú un bá ti fóònù mi mu rẹ́gí. Ara tù mí. Ó dà bí ẹni pé mo ra odindi wákàtí kan fún wa.

Mo fi nọ́mbà káàdì kún ọ̀rọ̀ inú dráífà náà, mo ní kí ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Kí n tó mí, ó ní òun ti parí. Ó yẹ kí n ti fura síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun téèyàn ń fẹ́ kì í jẹ́ kó fura. Mo ki dráífà tuntun bọ̀ ọ́. Káàdì kò mira. Mo yọ ọ́, mo tún un kì. Mo ka nọ́mbà náà lẹ́tà lẹ́tà, ó pé. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Mo gbé káàdì lọ sí ihò kejì. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá káàdì náà jà. "Ìwọ nǹkan yìí, ṣé èmi ni mo pa ìyá ẹ ni? Orúkọ ẹ ni mo kọ síbẹ̀ gbàgàdà yìí, o ò mọ orúkọ ara ẹ ni?" Bàbá kò ní kí n yíjú sẹ́yìn mọ́, wọ́n kàn ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù, wọn ò sì bá mi wí. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, wọ́n ti ṣí fìlà. Wọ́n ń tú bọ́tìnnì kọ̀tù.

"Màmá mi," ni wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí bí wọ́n bá ń tù mí nínú. "Fi í sílẹ̀. Pe ìyá yẹn, ní kó pe olùkọ́ Ìbàdàn náà, kí àwọn ọmọ má baà jókòó lásán. O ti gbìyànjú. Bóyá ọjọ́ iṣẹ́ mi ti tán lóòótọ́."

Wọ́n lọ síbi pátákó, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú láti yí i padà sí ògiri.

"Ẹ gbé pátákó yẹn sílẹ̀!" Ohùn mi ti lọ sókè ju bó ṣe yẹ kí ọmọ pariwo mọ́ bàbá ẹ̀ lọ, mo wá rọra fà á wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ bá mi fi sílẹ̀. Ẹ tún bọ́tìnnì yẹn dè. Mo ní mo máa jí i, mo máa jí i."

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́ pé ẹ̀rọ kì í fi nǹkan pamọ́, àwa ni a kì í ka ohun tó bá sọ. Ó wá kàn mí. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, mo padà lọ ka gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ti ń tò sójú dúdú láti ẹ̀yìn wá. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń fojú fò dá. Ìkìlọ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn dráífà yìí, bí ìkìlọ̀ bá ń pa èèyàn ni, gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ì bá ti kú. Èyí sọ pé àwọn fáìlì kan wà tí àkókò tí wọ́n ṣe wọ́n kò tíì dé, pé aago kò bára mu, pé iṣẹ́ náà lè má pé.

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wá lu tábìlì gbà!

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo yìí kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó lọ nǹkan, ó máa ń wo àkókò ara àgbàdo àti àkókò ara ìyẹ̀fun. Bí ìyẹ̀fun bá jẹ́ tuntun ju àgbàdo lọ, á ní òun ti lọ èyí, á fi í sílẹ̀. Aago Bàbá tó ti sá lọ síwájú ni mo fi lọ ìyẹ̀fun àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa aago sẹ́yìn, kí n tó fi nọ́mbà káàdì kún àgbàdo. Lójú ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun yẹn ṣì jẹ́ tuntun ju àtúnṣe tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ. Kò lọ nǹkan kan. Ìyẹ̀fun àtijọ́ kan náà ló ń bù fún mi, èmi náà sì ń kì í bọ̀ ọ́, mo ń bú káàdì aláìṣẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Ṣé o rí i? Ta ló ní kó o fọwọ́ kan aago mi?"

"Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tì í síwájú ńkọ́?"

"Èmi tì í síwájú, mo fi í síbẹ̀. Ìwọ lo wá fà á sẹ́yìn láàárín iṣẹ́. Ta ló da ẹ̀rọ lójú rú?"

Mo ní kí wọ́n wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù, kí wọ́n yéé rojọ́. Mo pàṣẹ kí ẹ̀rọ gbá gbogbo ìyẹ̀fun àtijọ́ dànù, kó sì lọ gbogbo àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́, ìlà ń gorí ìlà, fáànù inú láptọ́ọ̀pù ń han. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dúpẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Mo ki dráífà bọ̀ ọ́. Iná búlúù kékeré kan ṣẹ́jú lórí káàdì náà, ó tún ṣẹ́jú, orúkọ fóònù mi sì yọ lójú láptọ́ọ̀pù. Mo fò sókè, mo jó yí Bàbá po. Mo ya fọ́tò iná búlúù yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Íbàdàn, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Bàbá ti dé fìlà padà.

Aago mẹ́rin gééré, ìyá tó wà ní Kánádà yọ sójú láptọ́ọ̀pù, àwọn ọmọ sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn kan ṣì wà nínú aṣọ oorun, torí òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún. Bàbá kí ìyá náà, ohùn wọn há. Wọ́n tẹ̀ sí etí mi. "Má lọ o. Dúró tì mí." Mo dúró sẹ́yìn àga wọn, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí mi, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí káàdì náà.

Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sáré lọ mú nǹkan kan wá láti ilé ìdáná. Ìyá yẹn bá wọn túmọ̀ ẹ̀, gbogbo ojú bá ṣófo, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì. Ọ̀kan gbé ìkòkò wá. Ọ̀kan gbé nǹkan onírin kan wá tí èmi àti Bàbá ò mọ̀ rí. Ọmọkùnrin kan gbé ajá wá. Bàbá tẹ̀ síwájú.

"Ajá ńkọ́? Ṣé ẹ ń se ajá nílé yín ni?"

Ìyá yẹn fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó túmọ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ohùn Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọ́n ń pe nǹkan kọ̀ọ̀kan lórúkọ, àwọn ọmọ ń gbà á lẹ́nu wọn. Ó wá kan ọmọbìnrin kékeré kan tó di ṣíbí mú níwájú ẹnu ara ẹ̀.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà," ni ìyá náà sọ. "Kì í dáhùn. Látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí."

Bàbá mú ṣíbí tiwọn lórí tábìlì, wọ́n gbé e sókè. "Ṣíbí," ni wọ́n sọ, lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n dákẹ́.

Ọmọ náà kò mira. Bàbá kò mira. Àwọn ọmọ yòókù ń wò. Kò sí ohùn kankan nínú láptọ́ọ̀pù, ojú gbogbo wọn dúró gbagidi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti há! Lórí ìdánwò Bàbá! Mo nawọ́ sí káàdì náà kí n yọ ọ́ kí n tún un kì. Bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú láì wẹ̀yìn.

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́," ni wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ ń ronú. Jáde."

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì..."

"Mo ní kó o jáde ní kíláàsì mi."

Ohùn hẹdimásítà ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, mo sì rò pé mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ìta kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo dúró sábẹ́ fèrèsé nínú oòrùn, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Inú ilé ṣì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tíntín kan.

"Ṣíbí."

"Ó káre," ni Bàbá sọ. "Kí lo fi ń jẹ?"

Ohùn tíntín náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tún padà sí Yorùbá. Ìyá tó wà ní Kánádà kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Sà! Ẹ ti gba iṣẹ́ náà! Ẹ ti gbà á, sà, láti Sátidé tó ń bọ̀ ni ká ti..."

"Ẹ ṣe sùúrù ná, ìyá," ni bàbá mi sọ. "Ọmọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."